Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Jim Reeves, Akọrin Olóhùn Jẹ́jẹ́

Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí, ìtàn àwọn ọmọ bíbí ìlú wa ni a sábà máa ń kọ: àwọn olóyè, àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́, àwọn oníṣòwò tí wọ́n fi owó wọn tún ìlú ṣe, àti àwọn ìyálọ́jà tí a kò lè gbàgbé. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kì í sì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀, òkú àgbà Onígbàgbọ́ tí wọ́n sin ní àdúgbò wa tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀. Ní alẹ́ àìsùn, nígbà tí àwọn akọrin ìjọ bá ti sinmi, tí àwọn ọlọ́fọ̀ àti àwọn àlejò bá jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ àtíbàbà, àwo orin rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà Kérésìmesì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lẹ́yìn odi pàápàá, bí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ ohùn náà ní ilẹ̀ àjèjì, inú ilé bàbá wọn ni ọkàn wọn ń sáré lọ.

Jim Reeves ni orúkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa mọ̀, a kò mọ ẹni tí ó ni ín. Nítorí èyí ni a fi rí i pé ó tọ́ kí a kọ ìtàn rẹ̀ síhìn-ín, kí a sì kọ ọ́ bí ó ti rí, nítorí apá kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 1923 ni a bí i ní abúlé Galloway, ní ẹkùn Panola, ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Carthage ni ìlú tí àwọn ará abúlé náà ń ná. James Travis ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Travis ni wọ́n sì ń pè é nílé ní ìgbà èwe rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́jọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ sì di opó pẹ̀lú ọmọ yọyọ lọ́rùn. Àwọn kan nínú wa máa ń rò pé kò sí òtòṣì láàrin àwọn òyìnbó. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Texas ní àkókò náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Oko ni ìyá yìí ń ro láti fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tí ó ti dàgbà nínú wọn sì ń bá a ro ó.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ni pé, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ó fi èso kíkún apẹ̀rẹ̀ kan gba gìtá àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Gìtá yìí ni ó fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó sì ń fara wé ni Jimmie Rodgers, ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi, tí ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí kí ó tó di olórin, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè ní bàbá orin kọ́ńtírì. Àrùn ikọ́ ife ni ó pa Rodgers ní ọdún 1933, nígbà tí Travis kékeré wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀ nípa irú orin náà kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Orin kọ́ńtírì jẹ́ orin àwọn ará oko ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Ireland lọ tẹ̀dó síbẹ̀ gbé orin ìtàn wọn dání, wọ́n da orin ìsìn pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn àti ìlò gìtá lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń gbé láàrin wọn. Báńjò tí àwọn ènìyàn kà sí ohun èlò òyìnbó oko pátápátá, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà. Ọwọ́ àwọn ẹrú ni ó bá dé Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká àkọ́kọ́ lórí ètò rédíò tí ó gbé orin yìí ga jùlọ, èyí tí í ṣe Grand Ole Opry ní ìlú Nashville, jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ń fun hàmóníkà, DeFord Bailey ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n sì lé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1941. Orin tí àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fún wọn ní ìjókòó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ opó yìí dàgbà, kì í ṣe orin ni ó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Eré bésíbọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ni ó gbé lé ọkàn. Ọ̀jẹ̀ ni nínú bọ́ọ̀lù jíjù. Eré yìí ni ó gbà á lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ní Yunifásítì Texas ní Austin, níbi tí ó ti fẹ́ kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti eré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó lò níbẹ̀ tí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Houston, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1944 ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals gbà á sí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré sọ́nà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń ti ìlú dé ìlú, tí ó ń retí ọjọ́ tí wọn yóò pè é sókè. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń ju bọ́ọ̀lù, iṣan ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, eré náà sì parí fún un bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ohun kan ṣoṣo tí ó fi gbogbo ọkàn lé sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1947 ó gbé Mary White níyàwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ obìnrin yìí, nítorí bí kò bá sí i, ó ṣeé ṣe kí a má mọ ọkọ rẹ̀ rárá ní ìhín lónìí. Wọn kò bímọ.

Iṣẹ́ tí ó rí ṣe lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ asọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní ilé iṣẹ́ KGRI ní ìlú Henderson ní Texas. Iṣẹ́ yìí kò lókìkí, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdájọ́ tèmi, òun ni ó sọ Reeves di Reeves. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kò lè máa pariwo. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bá sọ̀rọ̀: obìnrin tí ń dáná, tàbí awakọ̀ tí ń nìkan rìn lóru. Ó gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ já gaara, kí ó má kánjú, kí ó sì jẹ́ kí etí ẹni tí ń gbọ́ ọ sinmi. Gbogbo ohun tí a ń yìn nínú orin rẹ̀ lónìí, ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó ti kọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sí olórin. Àwọn àgbà wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ a máa gbọ́ orin rẹ̀ yé. Kò sí ìdí mìíràn ju pé kì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ó ti gbìyànjú àwo orin díẹ̀ ní ọdún 1949, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kà á kún. Láti Henderson ó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò KWKH ní Shreveport ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe ètò orin alẹ́ Sátidé tí wọ́n ń pè ní Louisiana Hayride, Reeves sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe àwọn olórin jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1952, olórin kan tí wọ́n ń retí kò dé. Ẹnu kò kò lórí ẹni tí olórin náà jẹ́. Àwọn kan ní Hank Williams ni, àwọn mìíràn dárúkọ ẹlòmíràn. Ohun tí a mọ̀ ni pé wọ́n ní kí asọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kọrin dí àlàfo, ó kọrin, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọdún 1953 àwo orin rẹ̀ tí ó sọ nípa ọkùnrin alárìnká kan ará Mexico gba ipò kìíní láàrin gbogbo orin kọ́ńtírì, òmíràn sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ àwọn orin àkọ́kọ́ wọ̀nyí lè ṣẹ̀jẹ̀ẹ́ pé ẹlòmíràn ni. Orin ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n, ó ń fi ohùn òkè kọ wọ́n, ó sì ń kígbe bí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kígbe. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi. Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn tí ń ta fídù àti gìtá pọ̀ sí, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá borí ohun èlò kò lè jẹun nídìí orin. Àwa tí a ní dùndún àti gángan mọ èyí dájú.

Ní ọdún 1955 ilé iṣẹ́ RCA Victor gbà á, ó sì di ara àwọn tí ń kọrin ní Grand Ole Opry. Ọdún kejì lẹ́yìn èyí ni Elvis Presley, ọmọkùnrin kan tí òun náà ti kọrin ní Shreveport, gba ìgboro kan pẹ̀lú orin rọ́ọ̀kì, tí gbogbo ọ̀dọ́ sì tẹ̀ lé e. Owó orin kọ́ńtírì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àwọn olórin kan ń sáré tẹ̀ lé ọ̀dọ́, wọ́n ń pariwo jù ú lọ. Ọ̀nà òdìkejì ni Reeves gbà.

Ní ọdún 1957 ó rí orin kan tí wọ́n ṣe fún obìnrin láti kọ, orin ẹni tí ó nìkan jókòó láàrin ògiri mẹ́rin tí ó ń retí olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò kọ ọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó bẹ́ẹ̀ tí ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ RCA kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Chet Atkins, àgbà ọ̀jẹ̀ onígìtá tí ń bójú tó gbígba orin rẹ̀ sílẹ̀, dúró tì í. Orin náà gba ipò kìíní láàrin orin kọ́ńtírì, ó sì wọ àárín àwọn orin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń rà, ó dé ipò kọkànlá. Láti ìgbà náà ni Atkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nashville ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fídù àti gìtá onírin kúrò, tí wọ́n ń fi dùrù, gòjé olóhùn dídùn àti àwọn ẹlẹ́gbè onírẹ̀lẹ̀ rọ́pò wọn. Àwọn arúgbó onífídù bínú, wọ́n ní wọ́n ti ba orin oko jẹ́. Wọn kò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni ìbá mọ orin náà ní ilẹ̀ Yorùbá?

Èyí tí ó tóbi jùlọ nínú àwọn orin rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 1959. Joe Allison àti Audrey ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ohùn ìyàwó yìí kéré púpọ̀, ọkọ rẹ̀ a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu sún mọ́ tẹlifóònù kí òun lè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ inú ilé yìí ni wọ́n fi ṣe orin ọkùnrin kan tí ó ń pe obìnrin rẹ̀ láti ilé ọtí, tí ó sì mọ̀ pé ọkùnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn àwo orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, bí ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1960 ọ̀sẹ̀ 14 ni ó fi wà ní ipò kìíní láàrin orin kọ́ńtírì, ó sì dé ipò kejì láàrin gbogbo orin Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà lọ, òkìkí rẹ̀ kọjá òkun. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Norway, ní India, ní Sri Lanka tí à ń pè ní Ceylon nígbà náà, àti lọ́dọ̀ wa níhìn-ín.

Oníwà tútù ni ohùn rẹ̀ fi hàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ a máa tètè bínú. Nígbà tí ó lọ káàkiri Ireland ní ọdún 1963, dùrù inú àwọn gbọ̀ngàn ibẹ̀ kò dọ́gba lóhùn, inú sì bí i débi pé ó gé eré kúrú ní àwọn ibi kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ, tí àwọn tí ó ti sanwó sì dúró tí wọ́n ń wò.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó le nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1962 Reeves àti Chet Atkins lọ sí South Africa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi bá ti Elvis Presley dọ́gba. Ó padà lọ ní ọdún 1963, ó ṣe sinimá kan níbẹ̀ nípa àwọn tí ń wa dáyámọ́ńdì ní Kimberley, ó sì kọ orin ní èdè Afrikaans, èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí irú àkókò tí èyí jẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1960 ni àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville, nítorí pé wọ́n wá sọ pé àwọn kò fẹ́ ìwé ìrìnnà tí a fi dè wọ́n mọ́. Ní ọdún 1961 South Africa fi ẹgbẹ́ Commonwealth sílẹ̀, nítorí ìlú tiwa yìí àti àwọn mìíràn kò gbà kí a bá a jókòó pọ̀ pẹ̀lú òfin ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1962 tí Reeves kọ́kọ́ lọ, ọdún náà ni wọ́n mú Nelson Mandela. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé olórin ni, kì í ṣe òṣèlú, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó lọ ṣe. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìlú tí wọ́n ti bí i pàápàá kò yàtọ̀: ilé ẹ̀kọ́ funfun lọ́tọ̀, ilé ẹ̀kọ́ dúdú lọ́tọ̀, ni òfin Texas wí ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, òfin tí ó fòpin sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1964 ni wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Reeves fi kú. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sínú ilé kan kò yan ilé náà. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ni ó yàn án. Ó mọ ibi tí òun ń lọ, ó lọ, ó sì padà lọ. A kò ní tìtorí pé a fẹ́ràn orin rẹ̀ fi aṣọ bo èyí mọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàrin àwọn orin ìsìn tí Reeves kọ sílẹ̀ ní ọdún 1962 ni orin tí ń bẹ Olúwa pé kí ó di ẹni tí ó ti rẹ̀ lọ́wọ́ mú, èyí tí a ń lò jùlọ níbi òkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni ó ni ín. Thomas Dorsey ni ó ṣe é, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia tí ó ń gbé ní Chicago. Ní ọdún 1932 Dorsey lọ kọrin ní ìpàdé ìsìn kan ní St. Louis, ó fi Nettie ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti tó bí sílẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ni wáyà ti bá a pé ìyàwó rẹ̀ ti kú sórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tuntun náà sì kú tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Nínú ìbànújẹ́ yìí ni ó ti ṣe orin náà. Wọ́n kọ ọ́ níbi ìsìnkú Martin Luther King ní ọdún 1968. Nítorí náà, nígbà tí ohùn Reeves bá ń dún lábẹ́ àtíbàbà wa, ẹkún ọkùnrin dúdú kan ni ó ń gbé wá fún wa, bóyá ó rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí kò rò ó.

Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń gòkè lọ nígbà tí ikú dé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 1964, òun àti Dean Manuel, ẹni tí ń tẹ dùrù fún un tí ó sì tún jẹ́ alámòójútó rẹ̀, ń bọ̀ láti Batesville ní ìpínlẹ̀ Arkansas, níbi tí wọ́n ti lọ rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré oní-ẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n wọ̀, Reeves fúnra rẹ̀ ni ó sì ń wà á. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé Nashville, wọ́n wọ inú òjò àti ìjì líle ní àgbègbè Brentwood, ohùn wọn sì dákẹ́ lórí rédíò ọkọ̀. Inú igbó ni ó já sí. Ọlọ́pàá, ará ìlú àti àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú igbó náà kiri ní ọ̀sán àti ní òru. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn bí wákàtí 42, ni wọ́n tó rí òkú àwọn méjèèjì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ìyá rẹ̀, opó tí ó fi oko ríro tọ́ ọ, ṣì wà láyé.

Bí ọ̀rọ̀ olórin ti sábà máa ń rí ni pé, bí ẹni náà bá kú, ọdún kan tàbí méjì ni a fi ń rántí rẹ̀. Mary kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin pamọ́ tí kò tíì jáde, títí kan àwọn tí ó kàn kọ láti fi dán wọn wò. Obìnrin náà kò dà wọ́n síta lẹ́ẹ̀kan. Ó ń mú wọn jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ RCA, bí ìyàwó àgbẹ̀ tí ń bu iṣu nínú abà kí ó lè dé ìgbà ìkórè mìíràn. Láti ọdún 1964 dé 1967, mẹ́fà nínú orin òkú yìí gba ipò kìíní láàrin orin kọ́ńtírì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni orin ìlù ogun tí ń dún lókèèrè, tí Cindy Walker ṣe. Reeves kàn kọ ọ́ fún ẹni tí ó ṣe orin náà ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fi ohun èlò kún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 ó gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 5, ní ìgbà tí àwọn Beatles ń jọba lé ibẹ̀ lórí. Ọkùnrin tí ó ti kú fún ọdún méjì ni ó ṣe èyí.

Ní ọdún 1967 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá àwọn olórin kọ́ńtírì. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jùlọ ni ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981. Patsy Cline, obìnrin olórin kọ́ńtírì tí òkìkí rẹ̀ kàn gidigidi, ti kú nínú ọkọ̀ òfúrufú tí ó já ní Tennessee kan náà ní oṣù kẹta ọdún 1963. Wọ́n yọ ohùn rẹ̀ jáde nínú àwo orin tirẹ̀, wọ́n yọ ohùn Reeves jáde nínú ti òun náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé tọkùnrin-tobìnrin jókòó ti ara wọn tí wọ́n ń kọrin. Orin àwọn òkú méjì yìí tà gan-an. Mary ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìrántí ọkọ rẹ̀ sí Nashville, èyí tí ó ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Òun náà kú ní ọdún 1999.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará ilé àti ará àjò yóò fẹ́ gbọ́. Nashville ni Reeves ti ṣe orúkọ, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí ẹkùn Panola ní Texas, sí ẹ̀bá Carthage, ìlú tí ìyá rẹ̀ ń ná nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Etí títì ńlá ni ibojì náà wà, àwọn igi sì yí i ká. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sórí rẹ̀, ó dúró, gìtá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Cheyenne, ajá rẹ̀ tí ó fẹ́ràn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, inú ọgbà kan náà ni wọ́n sin ín sí. Láti Houston, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ lè lọ wò ó kí ó sì padà wálé ní ọjọ́ kan náà.